Bí a ṣe ń wọn àbá tuntun nípa àgbáálá ayé: ìtọ́sọ́nà fún wa ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Sábẹ̀ẹ́

Fídíò kan kì í pẹ́ kó tó wọ orí fóònù wa láti sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ní líísè nípa ayé, oòrùn àti ìràwọ̀ ti di irọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bọ̀ lédè Faransé. Àwọn mìíràn ti di ohùn Yorùbá tí ẹnìkan gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti agbo WhatsApp kan sí èkejì. Ọ̀kan ní ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Òmíràn ní Webb, teliskóòpù ńlá tó wà lójú òfuurufú, ti fi hàn pé Big Bang kò ṣẹlẹ̀ rí, ìyẹn àbá pé àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀ láti ipò gbígbóná kan tó sì ń fẹ̀ láti ìgbà náà. Òmíràn tún ní mànàmáná láti òde ló ń tan oòrùn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbọ̀n, àwòrán rẹ̀ máa ń dán, ẹni tó ń gbọ́ kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Mo kọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì ìparí, fún olùkọ́ tí wọ́n bi ní ìbéèrè nígbà tí agogo ti ń lù, àti fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bá jiyàn lálẹ́. Àbá kì í tóbi nítorí pé ó ta ko ohun tí wọ́n ń kọ́ni nílé-ìwé, kì í sì í kéré nítorí pé ènìyàn díẹ̀ ló gbà á. Ohun méjì la fi ń wọ̀n ọ́n. Èkíní: kí ló sọ pé a máa rí, tí a kò bá rí i, tí yóò fi ṣubú? Èkejì: mélòó nínú ohun tí àbá tó wà nílẹ̀ ti ṣàlàyé ni òun náà lè ṣàlàyé, pẹ̀lú iye tó bá ìwọ̀n mu?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ gbólóhùn rẹ̀ jáde

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ gbọ́ fídíò náà tán, kí ẹ wá kọ ohun tó sọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tó ní iye nínú, tàbí tó dárúkọ ohun kan tí ojú tàbí ẹ̀rọ lè rí. "Wọ́n ń fi òótọ́ pa mọ́ fún wa" kì í ṣe àbá nípa àgbáálá ayé. Ọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọ ènìyàn ni. "Sáyẹ́ǹsì kò mọ ohun gbogbo" òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún wa nípa oòrùn. "Oòrùn kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà lọ lókè orí wa": èyí la lè fi ọwọ́ lé. A lè wọ̀n ọ́n, ó sì lè jẹ́ irọ́.

Bí ẹ bá gbọ́ fídíò wákàtí kan tán tí ẹ ò rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kan yọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bákan náà ni àbá tó ń rí ìdáhùn sí gbogbo ẹ̀rí: àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú, ayédèrú ni, awakọ̀ òfuurufú, wọ́n ti san owó fún un, olùkọ́ yín, wọ́n ti tàn án jẹ. Àbá tí kò sí ohun tó lè pa á kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìdílé tó ti wá

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lójú ẹni tó ń gbọ́, gbogbo àbá tó ta ko ìwé dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá, ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù lọ sì nìyí.

Àwọn kan wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán wò nínú àgbàlá: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, oòrùn kékeré tó wà nítòsí. Àwọn kan jẹ́ àbá gidi nígbà kan rí, tí àwọn onímọ̀ ńlá gbé kalẹ̀, tí ìwọ̀n sì bì wọ́n ṣubú lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1948, Fred Hoyle, Hermann Bondi àti Thomas Gold sọ pé àgbáálá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bó ṣe wà lónìí ló ṣe wà láéláé, àti pé èròjà tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fẹ̀. Àbá tó dára ni, nítorí pé ó sọ ohun tó lè pa á: bí a bá wo ọ̀nà jíjìn, tí a ń rí ìgbà àtijọ́ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ó yẹ kí àgbáálá ayé rí bákan náà. Wọ́n wò ó, kò rí bákan náà. Hoyle yìí kan náà ló kọ́kọ́ pe àbá tó ń bá tirẹ̀ jà ní "Big Bang" lórí rédíò BBC ní ọdún 1949.

Ìdílé kẹta ni èyí tí àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jà lé lórí lọ́wọ́. Ní ọdún 1983, Mordehai Milgrom dábàá pé òfin òòfà lè yí padà díẹ̀ níbi tí òòfà bá ti rọ̀ gan-an, kí a má baà nílò èròjà òkùnkùn, ìyẹn èròjà tí a kò rí, àmọ́ tí wọ́n ní òòfà rẹ̀ ló ń mú àwọn ìràwọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, síbẹ̀ àbá rẹ̀ sọ bí ìràwọ̀ ṣe ń yípo nínú gálásì (àkójọ ìràwọ̀ ńláńlá), ó sì bá ìwọ̀n mu dáadáa. Inú ìdì gálásì ńláńlá àti nínú ìtànṣán àtijọ́ tí màá sọ nísàlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti tó o. Ẹni tó bá kó Milgrom pọ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀-pẹrẹsẹ ti ṣe é ní àìdáa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwa tí a wà ní ìlú mẹ́ta yìí ní àǹfààní kan: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Benin fẹ́rẹ̀ẹ́ tò sórí ìlà kan ṣoṣo láti gúúsù sí àríwá. Nítorí náà ọ̀sán gangan kan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àdéhùn sí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, nígbà tí oòrùn bá sọ̀ kalẹ̀ jù sí gúúsù tí òjò kò sì sí.

Ẹ ri igi tó gùn ní mítà kan gééré mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ so òkúta mọ́ okùn kí ẹ fi mọ̀ pé igi náà dúró ṣánṣán. Bí igi bá tẹ̀ síbì kan, gbogbo iṣẹ́ yín ti bàjẹ́. Oòrùn kì í ṣe ojú kan péré, nítorí náà ẹnu òjìji máa ń rú, rírú náà sì fẹ̀ tó bíi sẹ̀ntímítà kan. Ẹ gé páálí kékeré, ẹ lu ihò kan sí i, ẹ fi í sí orí igi kí ihò náà wà ní mítà kan gan-an sí ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba ihò náà bọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì wọn láti ìdí igi dé àárín ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá àbọ̀ ọ̀sán, kí ẹ máa sàmì ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún títí aago kan yóò fi kọjá. Àmì tó kúrú jù lẹ fẹ́. Yóò bọ́ sí nǹkan bíi aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 48. Ẹ má ṣe fi ojú lásán wo oòrùn rárá.

Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ yóò rí bíi 57.6 sẹ̀ntímítà. Ẹni tó dúró nítòsí Àkàbà Ìdénà ní Kétu yóò rí bíi 59.6. Ẹni tó wà lábẹ́ àwọn òkè Sábẹ̀ẹ́ yóò rí bíi 61.2. Ẹ tẹ bọ́tìnì tan⁻¹ lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín láti sọ òjìji di igun: 0.576 yóò fún yín ní bíi dìgírì 29.9, 0.612 yóò fún yín ní bíi 31.5. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi dìgírì kan àbọ̀. Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sábẹ̀ẹ́, bí a bá ka ìrìn sí àríwá nìkan, jẹ́ bíi 170 kìlómítà. Ẹ fi ìyàtọ̀ igun yín pín 360, kí ẹ wá fi 170 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ ó bọ́ sí ẹ̀bá 40,000 kìlómítà, ìyẹn yípo ayé. Eratosthenes ṣe irú rẹ̀ ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra gan-an: bí ẹ bá ṣi sẹ̀ntímítà ní ìdajì péré, èsì yín lè yẹ̀ ní ìpín 14 nínú 100.

Onílẹ̀-pẹrẹsẹ tó gbọ́n yóò fèsì, kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀, nítorí pé ó ní ìtumọ̀. Yóò ní: "Ilẹ̀ tẹ́, oòrùn ló wà nítòsí, ìdí nìyẹn tí òjìji fi yàtọ̀." Lóòótọ́, ìlú méjì tó sún mọ́ra kò lè ya àbá méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo lè gba àbá méjì láyè, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń jiyàn. Ohun tó kàn ni ká wá ibi tí àbá méjèèjì ti sọ iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibẹ̀ rèé. Ní nǹkan bíi ọjọ́ 20 oṣù kẹta, oòrùn wà gangan lórí ìlà ìdajì ayé. Bí ilẹ̀ bá tẹ́, òjìji tó bọ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà yóò sọ pé oòrùn ga ní bíi 6,300 kìlómítà. Òjìji tó bọ́ sílẹ̀ ní Oslo ní Nọ́wè lọ́jọ́ kan náà yóò sọ pé ó ga ní bíi 3,900 péré. Oòrùn kan náà, ọjọ́ kan náà. Tí ilẹ̀ bá rí roboto tí oòrùn sì jìnnà réré, ìlú méjèèjì sọ ohun kan náà láìsí ìjà. Àbá oòrùn ìtòsí ti sọ iye, iye náà sì ti pa á.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ tún fi òru kún un. Ìràwọ̀ Àríwá, Polaris, ga ní bíi dìgírì méje sí etí ọ̀run ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ ó tó mẹ́jọ. Ìkùukùu àti ọyẹ́ máa ń bò ó nítorí pé ó wà nísàlẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ lọ sí ibi tí igi àti iná kò sí. Ní oṣù karùn-ún ní alẹ́, ẹ yíjú sí gúúsù, ẹ ó rí ìràwọ̀ alágbèélébùú tí àwọn ará Brazil àti Ọsirélíà náà ń wò ní gúúsù tiwọn. Ẹ bi onílẹ̀-pẹrẹsẹ kí ó ya àwòrán ilẹ̀ tẹ́ kan tí Brazil, Benin àti Ọsirélíà yóò fi máa kọjú sí gúúsù kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé gbogbo ẹrù lé e lórí

Èyí tó wúwo jù lọ nìyí, torí níbí ni ọ̀pọ̀ àbá tó dùn létí ti ń dákú. Ẹni tó fẹ́ gba ipò Big Bang kò lè ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo kó sì lọ. Àwọn ẹrù tó wà nílẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ gbé pa pọ̀ rèé.

Ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó jìnnà máa ń fà sí pupa, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà tó ni yóò ṣe fà tó. Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù, ti kọ ọ́ ní ọdún 1927 pé ó jẹ́ nítorí pé àgbáálá ayé ń fẹ̀. Edwin Hubble gbé ìwọ̀n rẹ̀ jáde ní 1929. Ìtànṣán kan, òun ni ìtànṣán àtijọ́ tí mo dárúkọ lókè, tún kún gbogbo ojú ọ̀run, níbi gbogbo, lọ́sàn-án lóru. Arno Penzias àti Robert Wilson gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ wọn ní 1964 gẹ́gẹ́ bí ariwo tí kò kúrò. Òtútù rẹ̀ jẹ́ 2.725 kẹ́lífìn, ìyẹn bíi dìgírì 270 sísàlẹ̀ òdo. Sátẹ́láìtì COBE, tí wọ́n jù sókè ní 1989, fi hàn pé ìtànṣán yìí ní ìrísí ohun gbígbóná kan ṣoṣo tó ti tutù, láìsí àbùkù tí ojú lè rí. Lẹ́yìn ìyẹn, hélíọ̀mù kó bíi ìpín 25 nínú 100 ìwúwo èròjà tí a mọ̀ nínú àgbáálá ayé, àwọn ìràwọ̀ kò sì lè se gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìsinsìnyí. Ìṣirò ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ gbígbóná náà fún wa ní iye yẹn gan-an.

Ẹ wá mú àbá "ìmọ́lẹ̀ tó rẹ̀", tí Fritz Zwicky gbé kalẹ̀ ní 1929. Ó ní àgbáálá ayé kò fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń pàdánù agbára lójú ọ̀nà jíjìn títí yóò fi pọ́n. Lójú àkọ́kọ́ ó gbé ẹrù kìíní. Ṣùgbọ́n bí àyè bá ń fẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni yóò fà, àkókò náà yóò fà. Irú ìràwọ̀ kan wà tó máa ń bú gbàmù tó sì máa ń ṣú díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà kan náà níbi gbogbo. Bí èyí tó jìnnà bá fà sí pupa ní ìlọ́po méjì, ó yẹ kó pẹ́ ní ìlọ́po méjì kó tó ṣú. Àbá Zwicky kò retí kí ó pẹ́ rárá. Ó ń pẹ́. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Dark Energy Survey tún fi irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ 1,504 wọ̀n ọ́n, ó sì bá fífẹ̀ mu. Ìbéèrè nípa ìmọ́lẹ̀ tó rẹ̀ ti parí níbẹ̀, láìsí ẹni tó fi òfin dè é.

Ti oòrùn onímànàmáná kọ́ mi ní ohun kan tó jìn ju ìyẹn lọ. Àwọn tó gbà á sọ pé kò sí iná kankan tó ń jó nínú ikùn oòrùn. Ìmọ̀ físíìsì ní háídrójìn ló ń di hélíọ̀mù níbẹ̀, àti pé iṣẹ́ náà ń tú ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní neutrino jáde, tí nǹkan bíi bílíọ̀nù 65 ń gba orí èékánná àtàǹpàkò yín kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ray Davis gbé ẹ̀rọ wọ inú kòtò ìwakùsà ní Amẹ́ríkà láti kà wọ́n. Ó kà wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ìṣirò sọ ló ń rí. Ihò gidi nìyí nínú ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ gbà, àwọn onímànàmáná sì na ìka sí i. Wọn kò jẹ̀bi fún nína ìka. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe parí: ní 2001 àti 2002, ẹ̀rọ Sudbury ní Kánádà ka gbogbo ẹ̀yà neutrino mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo tí ti Davis lè rí. Àròpọ̀ rẹ̀ bá ìṣirò mu. Neutrino ń yí ẹ̀yà padà lójú ọ̀nà. Takaaki Kajita àti Arthur McDonald gba ẹ̀bùn Nobel fún ọ̀rọ̀ yìí ní 2015. Àbá mànàmáná kò sọ iye neutrino kan tẹ́lẹ̀, kò sì lè sọ ìdí tí iye náà fi bá iná inú oòrùn mu gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí fídíò bá na ìka sí ihò kan, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: "Ẹ̀yin náà, iye mélòó lẹ sọ?" àti "Kí ni tiyín ṣe sí àwọn ẹrù tó kù?"

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àsọtẹ́lẹ̀ ni, àbí àlàyé ẹ̀yìn?

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, dúró ní erékùsù Príncipe, nínú òkun tó na apá dé Kútọnù wa níbí, láti wo òṣùpá tó bo oòrùn. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ìkùukùu sì bò ó jù bó ṣe fẹ́ lọ. Ẹgbẹ́ kejì wà ní Sobral ní Brazil. Einstein ti kọ iye sílẹ̀ ṣáájú: oòrùn yóò tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní 1.75 ìṣẹ́jú-àáyá igun (ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 dìgírì kan). Ọ̀nà Newton fún un ní ìdajì rẹ̀. Príncipe mú 1.61 wá, Sobral mú 1.98. Èyí ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ: iye méjì, wọ́n ti kọ wọ́n kí wọ́n tó wò, ọ̀kan yóò sì ṣubú.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òṣùpá tó bo oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá kọjá lórí ilẹ̀ Benin láàárọ̀, lákòókò tí àwọn onímọ̀ ti tẹ̀ jáde ní ọdún púpọ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òṣùpá yọ sí wa nígbà tó ti wà nínú òjìji ayé tán. Wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá ní Luxor ní Íjíbítì fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ ní kí onílẹ̀-pẹrẹsẹ fi ọ̀nà tirẹ̀ ṣírò èyí tó kàn lẹ́yìn náà: ibo, ìgbà wo, ìṣẹ́jú mélòó.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó kan wa nílé. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé ẹsẹ Ifá kan, tàbí ẹsẹ Bíbélì, tàbí ti Kùránì, ti sọ nípa Big Bang kí àwọn onímọ̀ tó rí i. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, mi ò sì gbé wọn sórí ìwọ̀n yìí, torí kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti sọ iye kẹ́lífìn. Ẹni tó bá lọ wá ẹsẹ náà lẹ́yìn tí teliskóòpù ti rí nǹkan ló gbé àlàyé ẹ̀yìn wá. Bí ó bá lè ka ẹsẹ náà kí ó sì sọ ohun tí a kò tíì rí fún wa, ìyẹn ni a ó tó wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ má fi ihò tiwa pa mọ́

Olùkọ́ tó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìmọ̀ físíìsì ti parí gbogbo rẹ̀ ń ti ọmọ náà sọ́wọ́ àwọn onífídíò. Ní ọjọ́ kan ọmọ náà yóò gbọ́ pé a kò mọ ohun tí èròjà òkùnkùn jẹ́, yóò sì rò pé wọ́n tàn òun. Ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín. Vera Rubin fi hàn láti ọdún 1970 lọ pé ìràwọ̀ ń yípo nínú gálásì yára ju bí èròjà tó hàn ṣe lè mú wọn dúró lọ. Ìtànṣán àtijọ́ sọ pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ ní bíi 67 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá fún mẹ́gápásékì kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọ̀nà jíjìn láàárín àwọn gálásì. Àwọn ìràwọ̀ ìtòsí sọ bíi 73. Nọ́ńbà méjèèjì kò bá ara mu, a kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ti Webb náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jù ú sókè láti Kourou ní Guyane ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2021, àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù keje 2022. Ó rí àwọn gálásì tó mọ́lẹ̀ ju ohun tí wọ́n retí lọ ní ìgbà tí àgbáálá ayé ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ọ̀kan nínú wọn tàn nígbà tí àgbáálá ayé kò tíì pé 300 mílíọ̀nù ọdún. Ìṣòro gidi ni fún àwọn tó ń ṣírò bí ìràwọ̀ ṣe yára wá sáyé. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí àwọn ẹrù ìgbésẹ̀ kẹrin: èwo nínú wọn ni Webb gbé kúrò? Ìtànṣán 2.725 ṣì wà. Hélíọ̀mù ṣì wà. Ìràwọ̀ tó bú gbàmù ṣì ń pẹ́ kó tó ṣú. "Orí kan nínú ìwé nílò àtúnkọ" àti "ìwé náà jóná" kì í ṣe ìròyìn kan náà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹni tó ń sọ̀rọ̀

Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí pé ó kéré jù lọ. Hannes Alfvén gba Nobel ní 1970, iṣẹ́ ńlá ló ṣe lórí gáàsì onímànàmáná, síbẹ̀ àbá rẹ̀ nípa àgbáálá ayé kò lè ṣàlàyé ìtànṣán àtijọ́. Lemaître wọ aṣọ àlùfáà, àbá rẹ̀ sì dúró. Orúkọ kò gbé ẹrù. Ohun tí mo ń wò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni bóyá ó ń ta nǹkan lẹ́yìn fídíò, àti bóyá ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò mú kí òun yí ọkàn padà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ ó ṣe dáhùn, àti ibi tí ẹ ó kọ ọ́ sí

Tó bá jẹ́ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ló fi fídíò ránṣẹ́, ẹ má fèsì sínú agbo níbi tí gbogbo ẹbí ti ń wò. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ kí i bó ṣe yẹ, kí ẹ ní: "Bàbá, mo gbọ́ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ ri igi mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la." Àgbàlagbà tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì òjìji kì í bínú bíi ti ẹni tí ọmọdé já níyàn ní gbangba. Tó bá ní òfin Einstein kò kan òun, ẹ fi máàpù orí fóònù ọlọ́kadà hàn án: aago inú àwọn sátẹ́láìtì GPS ń fi bíi 38 nínú ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá yára ju tilẹ̀ lọ lójoojúmọ́, bí a kò bá sì tún un ṣe, máàpù náà yóò ṣìnà ní bíi kìlómítà mẹ́wàá lóòjọ́.

Ẹ ní ìwé kan fún iṣẹ́ yìí. Fún àbá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ, gbólóhùn rẹ̀, iye tó sọ, àti ibi tí èsì yóò ti jáde. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún agbára òkùnkùn, ohun tí wọ́n ní ó ń mú kí àgbáálá ayé máa fẹ̀ kíákíá sí i. Ẹ̀rọ DESI ní Arizona mú èsì jáde ní 2024 àti 2025 tó jọ pé agbára náà ń yí padà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó láti fi parí ọ̀rọ̀. Sátẹ́láìtì Euclid, tó gòkè ní oṣù keje 2023, náà ń wọ̀n ọ́n. Bí ìbéèrè bá ju agbára yín lọ, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ń pè ní IMSP wà ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò àti físíìsì dé ipele dókítà. Ẹ mú ìwé náà lọ pẹ̀lú ìbéèrè kan tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tán, kí ẹ sì mú àwọn òjìji ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání.